Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Pátákó Àwòrán Ń Ran Ọmọ Tó Ní Autism Lọ́wọ́

Autism ni ipò ọpọlọ tó máa ń mú kí ìbánisọ̀rọ̀ àti ìyípadà ṣòro fún ọmọ. Pátákó àwòrán sì ni páálí tí a to àwòrán sí, tó ń fi ohun tí ọmọ máa ṣe tẹ̀ léra hàn án. Ẹ má tíì gé páálí kankan. Ohun tó ń ba ìwádìí inú kíláàsì jẹ́ jù ni pé olùkọ́ á ti gbé ìrànlọ́wọ́ kalẹ̀ kó tó ka ohunkóhun. Bí ọmọ bá wá ń ṣe dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní ohun tó máa fi wé.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá ilé ìwé bá ti gbà, ẹ jókòó ti àwọn òbí. Ẹ ṣàlàyé ní Yorùbá, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé. Kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n lè ní kí ẹ dáwọ́ dúró nígbàkigbà, ẹ ò sì ní torí ẹ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọmọ wọn. Ọmọ náà ní ohùn: tó bá ń ti pátákó dànù, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Lẹ́tà kan, bíi K, ti tó.

Ìwà kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. “Kì í gbọ́ràn” kò ṣeé kà. “Ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà kó tó jókòó lẹ́yìn tí wọ́n bá lu aago pé ìsinmi parí” ṣeé kà, aago inú fóònù ló sì máa kà á. Ẹ kà á fún ọjọ́ 5, láìyí ohunkóhun padà. Bí iye náà bá ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ṣì dúró ná.

Ó kéré tán, ní ọjọ́ 1 nínú 5, kí olùkọ́ mìíràn fi fóònù tirẹ̀ kà á lọ́tọ̀. Ẹ fi èyí tó pọ̀ pín èyí tó kéré, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ìṣẹ́jú 4 àti 5 jẹ́ 80. Tó bá kéré sí 80, ẹ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí “jókòó” túmọ̀ sí: ṣé ìdí lórí àga ni, àbí ọwọ́ lórí tábìlì?

Ó wá kan páálí, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Àwòrán 4 ti tó, kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Fọ́tò ẹ̀rọ omi ilé ìwé yín gan-an àti àga rẹ̀ gan-an ló dára jù. Ó lè ṣòro fún àwọn kan lára irú ọmọ báyìí láti so àwòrán àfọwọ́yà pọ̀ mọ́ nǹkan gidi. Ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ojú rẹ̀ tó. Bó bá parí nǹkan kan, kó yọ àwòrán rẹ̀ sínú àpò ìwé. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà, kí ẹ sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń dúró de ọwọ́ yín, ọwọ́ yín ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe pátákó.

Ẹ ṣe àwòrán òjò sílẹ̀. Lásìkò òjò, wọ́n lè fagi lé ìsinmi ìta lójijì, ìyípadà tí kò sí lórí pátákó sì ń da ọmọ náà láàmú gan-an. Ẹ má sì pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, torí ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń yọ pátákó kúrò láti wò bóyá ìwà àtijọ́ á padà. A kò fara mọ́ ọn fún ọmọ tó ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Dípò ìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa ka ìṣẹ́jú tó ń gbà kó tó jókòó ní àsìkò oúnjẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbé pátákó débẹ̀ àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ẹ ti ń lò ó fún ìparí ìsinmi, kí ẹ sì máa ka méjèèjì nìṣó. Bí iye ti ìsinmi bá wálẹ̀ nígbà tí pátákó dé, tí ti àsìkò oúnjẹ kò sì wálẹ̀ àfi ìgbà tí pátákó dé ibẹ̀, ẹ ti rí ẹ̀rí tó lágbára pé pátákó ló ṣiṣẹ́.