Kànga, Ṣáláńgá àti Omi Iyọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ìlú Etí Òkun

Iyanrìn ló pọ̀ jù nílẹ̀ etí òkun, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìnnà: níbòmíràn, mítà méjì péré la ó gbẹ́ kí a tó kàn án. Ohun tó mú kí omi rọrùn láti rí náà ló mú kó rọrùn láti bàjẹ́. Omi ìdọ̀tí máa ń tètè la iyanrìn kọjá ju bó ṣe ń la amọ̀ lọ, nítorí náà ohun tí ilé kan dà sílẹ̀ lè di ohun tí ilé kejì ń fà mu.

Ṣáláńgá

Kí ṣáláńgá fi mítà 30 ó kéré tán jìnnà sí kànga, bí ogójì ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Ẹ ka kànga aládùúgbò mọ́ ọn. Odi ọgbà kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Apá òkun tàbí ọ̀sà ni omi yìí sábà máa ń ṣàn sí, torí náà kí kànga wà lápá òkè, kí ṣáláńgá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ihò gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ sí méjì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ilẹ̀ á gbẹ táútáú, wọ́n á ní ó ti dára. Bí òjò bá rọ̀ fún oṣù méjì, omi á gòkè wọnú ihò, ìgbẹ́ àti omi mímu á di ọ̀kan. Bí omi bá sún mọ́ òkè jù, ẹ má gbẹ́ jìn. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè, ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe àtẹ̀gùn sí i.

Ẹni tó ní táǹkì ìgbẹ́ àti sókawéè (ihò tí omi táǹkì ń rì sí), ẹ fi aṣọ funfun wé ọ̀pá gígùn, kí ẹ tì í bọ yàrá àkọ́kọ́ táǹkì títí dé ìdí. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ náà bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn táǹkì, ẹ pe àwọn tó ń kó o. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, á ṣàn lọ dí iyanrìn sókawéè, omi ẹlẹ́gbin á sì máa sun jáde lójú ilẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń kó o léèrè ibi tó ń dà á sí. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ọ̀sà ni.

Ojú kànga

Kí mítà mẹ́ta àkọ́kọ́ kànga ní òrùka kọnkéré tí a fi sìmẹ́ǹtì dí oríkèé wọn pinpin. Kí kọnkéré fífẹ̀ mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ yí i ká, kó da sójú gọ́tà. Bí kọnkéré yìí bá sán, omi tí ẹ fi fọ ẹsẹ̀ á padà sínú kànga. Garawa kan, okùn kan. Ẹ máa gbé wọn kọ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀.

Iyọ̀

Omi dídùn fúyẹ́ ju omi òkun lọ, orí rẹ̀ ló léfòó sí lábẹ́ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ iyanrìn, bí omi dídùn bá fi mítà kan ga ju ojú òkun, nǹkan bíi mítà 40 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí iyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò yìí kan náà ló ń yí padà sí wa: bí pọ́ǹpù bá fa omi wálẹ̀ ní mítà kan, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì lè gba mítà 40 náà bó bá pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó gbẹ́ kànga jìn sí i nítorí pé omi rẹ̀ di oníyọ̀ ń lọ pàdé òkun ni. Ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì pín iṣẹ́ láàárín kànga méjì tí kò jìn.

Omi òjò ń dín ẹrù kànga kù. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da lítà kan nù fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan òrùlé, kí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ lè lọ: òrùlé tó jẹ́ 40, lítà 40.

Oko

Ẹ pín ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí gbòǹgbò kò bá rí mu, kànga ló ń lọ. Náítíréètì inú rẹ̀ léwu fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fi omi kànga po wàrà fún, sísè kò sì lè yọ ọ́. Ńṣe ló ń mú un ki. Ẹ fi koríko fífẹ̀ mítà 10 sílẹ̀ létí omi. Ẹ ṣan ike oògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn, kí ẹ sì lu ike náà.

Lẹ́yìn àgbàrá

Omi mímọ́ gaara tí ẹ bá ń ṣiyèméjì sí, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ fi ẹ̀kán méjì bílíìṣì aláìlọ́fínńdà (èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% sí 9%) sí lítà kan, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá rú, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ẹ̀kán mẹ́rin sí i. Èyí ń pa kòkòrò àrùn. Kì í yọ iyọ̀ tàbí epo.

Kànga tí àgbàrá wọ̀, ẹ gbọ́n ọn, ẹ fọ ògiri rẹ̀, ẹ fi bílíìṣì sí omi tuntun tó bá sun, kí ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ máa fà á dànù títí òórùn bílíìṣì á fi tán. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí, nítorí ó ń pa ẹja.