Bí baba ńlá yín bá jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ìtàn ìdílé o. Ẹ má ti orí orúkọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Navy List, ìwé tó to orúkọ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ní 1814 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ipò ọkùnrin náà àti ọjọ́ tó dé ipò ọ̀hún wà níbẹ̀.

Ní ilé ìkówèé-pamọ́ ìjọba ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ìwé iṣẹ́ àwọn ọ̀gá wà lábẹ́ nọ́ńbà àkójọ ADM 196. Ṣùgbọ́n ADM 107 ni èmi fẹ́ràn jù, ìwé ìdánwò àwọn tó fẹ́ di lieutenant (ipò ọ̀gá kékeré). Nígbà mìíràn wọ́n so ìwé ìrìbọmi mọ́ ọn, orúkọ baba àti ìyá á kàn yọ sí yín gbàgà. (Ẹ má gba ọjọ́ orí ibẹ̀ gbọ́ tán o, àwọn kan ń purọ́ kí wọ́n lè tètè yege.) Ní ti ìwé ìhágún, àkójọ PROB 11 níbẹ̀ gbé e títí di oṣù kìíní 1858.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnì kan dánra wò, ẹ wá Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon tó gba Àjàyí Crowther lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822.