Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Náà, Terror, Láìṣì Í Lò

Ìbẹ̀rù pín sí oríṣiríṣi nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí àwa ṣe pín tiwa kò bá bí wọ́n ṣe pín tiwọn mu. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Òṣogbo tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC fi ń kọ terror síbi tí kò yẹ kó wà. Àwọn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pẹ̀lú òbí àti olùkọ́ tó ń bá wọn yẹ àròkọ wò.

Ẹ kọ́kọ́ díwọ̀n ẹ̀rù náà. Gbogbo ẹ̀rù, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀, ni Òyìnbó lè pè ní fear. Terror ni èyí tó dé góńgó, tí a ń pè ní jìnnìjìnnì tàbí ìpayà, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tí ohùn ń há, tí ènìyàn kò sì lè ronú mọ́. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já pé òun lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò wà nínú fear. Ẹni tí iná ká mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba wà nínú terror. Tí ọ̀rọ̀ kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi terror sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀rù náà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù ti ń wá. Nígbà tí Arugbá bá gbé igbá lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ ọdún, tí èrò ya lẹ́yìn rẹ̀, ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn jẹ́ èyí tí ọ̀wọ̀ àti ìyanu dà pọ̀ mọ́. Awe tàbí reverence ni Òyìnbó ń pè é. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, nítorí náà àjèjì púpọ̀ ń ka ohun tí a bá kọ nípa rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ ọ́ pé “the people of Osogbo live in terror of Osun,” ohun tí àjèjì yóò gbọ́ ni pé Ọ̀ṣun ń fi ìyà jẹ ìlú, pé ọkàn ará ìlú kò balẹ̀ nítorí rẹ̀. Yèyé tí à ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí! Bákan náà ni ìbẹ̀rù Ọlọ́run: fear of God ni, kì í ṣe terror. Ẹni tó bá sì kọ terror fún ìbẹ̀rù tí a ní fún Àtáója ti sọ ọba di òǹrorò.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni bí a ṣe ń to gbólóhùn. Àwa máa ń sọ pé ẹ̀rù bà mí, jìnnìjìnnì bò mí. Ẹ̀rù ni olùwà, òun ló ń ṣiṣẹ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ni a sábà máa ń fi ṣáájú: “I was terrified.” Ẹ má kọ “terror covered me,” ẹ má sì kọ “I was terror.” Ẹni tó sá pẹ̀lú ìpayà “ran in terror,” ohun tó sì kó ìpayà bá ará ọjà “struck terror into the traders.” Ẹni tó ń bẹ̀rù ejò gidigidi ni “terrified of snakes,” ejò fúnra rẹ̀ ni “terrifying.” Ẹni tó bá kọ “I am terrifying” ti sọ pé òun ni àwọn ẹlòmíràn ń sá fún.

Ẹ má fi horror rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú. Horror ni ẹ̀rù tó ní ìríra nínú nígbà tí ojú ti rí nǹkan burúkú. Terror sábà máa ń wà kí nǹkan náà tó dé, bíi “terror by night” tó wà nínú Sáàmù 91, tí a mọ̀ sí ẹ̀rù òru.

Ìtumọ̀ kan tún wà tó jẹ mọ́ òṣèlú. Ní ilẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1793 sí 1794, ìjọba lo ikú àti ìpayà láti fi tẹ àwọn alátakò rẹ̀ lórí ba, wọ́n sì ń pe àkókò náà ní the Terror. Láti ibẹ̀ ni terrorism ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn oníròyìn wa ń pè ní ìgbésùnmọ̀mí. Nàìjíríà ní òfin lórí rẹ̀ láti ọdún 2011, wọ́n sì ṣe tuntun ní 2022. Nítorí náà, ẹ má pe olè tó dìhámọ́ra ní terrorist nínú àròkọ nítorí pé ó dẹ́rù ba yín. Armed robber ni.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a tan, r méjì ló tẹ̀léra lẹ́yìn te nínú gbogbo wọn. Terrible túmọ̀ sí ohun tó burú jáì. Ọmọ aláìgbọràn lè jẹ́ “a little terror.” Terrific ti túmọ̀ sí adẹ́rùbani rí, ṣùgbọ́n ìyìn ló dà lóde òní, bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àròkọ ọmọ yín, ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ náà dára púpọ̀.