Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń kọ̀wé sí EPA pé kí òfin afẹ́fẹ́ le sí i

Ní Amẹ́ríkà, kò dìgbà tí èèyàn bá di ọmọ ìlú kó tó lè dá sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń mí. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston tàbí Chicago lè kọ èrò rẹ̀ sí EPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, lórí regulations.gov. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí wọ́n fi tọkàntọkàn kọ ni kì í ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń ba lẹ́tà jẹ́ jù ni àríyànjiyàn owó. Ẹ má kọ ọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá lówó tí wọ́n máa fi tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Abala 109 nínú òfin Clean Air Act sọ pé ìlera aráàlú ni kí EPA wò, kó sì fi àyè díẹ̀ lé e fún ààbò. Lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ Whitman v. American Trucking Associations, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní EPA ò gbọ́dọ̀ ro ti owó mọ́ ọn tó bá ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ìyẹn iye ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ikọ́ fée, àìsàn ọkàn, ọmọdé àti àgbàlagbà ni kí ẹ kọ nípa rẹ̀.

Ìkejì, nọ́ńbà. AQI tó wà lórí fóònù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó, kì í ṣe máíkírógíráàmù, tí wọ́n fi ń wọn eruku fúnra rẹ̀. Fún PM2.5, ìyẹn eruku wẹ́wẹ́ tó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ, AQI 50 dúró fún máíkírógíráàmù 9 péré nínú mítà kúbíìkì kan. AQI 100 dúró fún 35.4. Ẹni tó bá kọ AQI 50 bíi máíkírógíráàmù 50 ti sọ eruku di ohun tó lé ní ìlọ́po márùn-ún, ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ò sì ní gba ìyókù gbọ́.

Òṣùwọ̀n méjì ló wà fún PM2.5 pẹ̀lú, ti ọdọọdún àti ti wákàtí 24. Ní February 7, 2024, EPA mú ti ọdọọdún wá sílẹ̀ láti máíkírógíráàmù 12 sí 9, ṣùgbọ́n ó fi ti wákàtí 24 sílẹ̀ sí 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní 5 ló yẹ fún ti ọdọọdún, 15 fún ti wákàtí 24. “Ẹ dín in kù” nìkan ò tó: ẹ sọ èyí tí ẹ ń sọ, iye tí ẹ fẹ́, àti ìdí rẹ̀. Ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ ìlú tó rú òfin, nítorí náà fọ́tò èéfín ọjọ́ kan ò lè dá dúró bí ẹ̀rí.

Ẹ má da lẹ́tà ẹlòmíì kọ. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́, kókó kan ṣoṣo ni EPA máa dáhùn. Ẹ má sì fi orúkọ ọmọ yín tàbí nọ́ńbà fóònù sínú rẹ̀. Gbogbo ayé ló máa kà á.

Ọjọ́ ìparí ń pa ọ̀pọ̀ lára. Àbá tó bí òṣùwọ̀n 9 yẹn jáde ní January 27, 2023, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn èrò aráàlú ní March 28. Nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ ni EPA-HQ-OAR-2015-0072. Ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ kọ ọ́ sókè lẹ́tà.

Ẹ má sùn lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde òṣùwọ̀n tuntun. Ní March 2025, EPA ní òun máa tún èyí tí wọ́n ṣe ní 2024 yẹ̀ wò. Ìpínlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá sì burú ju òṣùwọ̀n lọ ní láti kọ ètò bó ṣe máa tún un ṣe, kó sì gbọ́ ohùn aráàlú kó tó fi ránṣẹ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti láyè, ibẹ̀ náà lẹ ti lè dárúkọ iléeṣẹ́ tàbí òpópónà tó ń da èéfín sí àdúgbò yín.