Tẹ́ẹ̀sì sójà ara fún ẹni tó ń wá ọmọ: ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọmọ, ẹ dákun, ẹ má tibi tẹ́ẹ̀sì sójà ara (ohun tí ara fi ń gbógun ti àìsàn) bẹ̀rẹ̀. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń rí ìyàwó tó ti náwó gọbọi sórí kíka NK cell (irú sójà ara kan) inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀ ò tíì yẹ àtọ̀ wò rí láyé ẹ̀, tí ẹnì kankan ò sì tíì wò ó bóyá ọ̀nà ilé ọmọ dí. NK cell inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí tinú ilé ọmọ o, kíkà á ò lè sọ ìdí tóyún ò fi dúró.

Ti antibody (ohun ìjà tí sójà ara ń ṣe) tó ń lẹ̀ mọ́ sípáàmù ńkọ́? MAR test nìyẹn, sípáàmù tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ la fi ń ṣe é. Bọ̀dá kan gbé àtọ̀ tiẹ̀ wá láti Òjòó, ó kó o mọ́ píọ̀ wọ́tà tútù nínú láílọ́ọ̀nù kó má bàa bàjẹ́ (ọgbọ́n inú ẹ̀ nìyẹn!), gósìlóò wá há a mọ́nà fún wákàtí méjì, ìgbà tí mo máa wò ó, kò sí èyí tó mira. Láàbù gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, bí ò bá ṣeé ṣe, kó dé kí wákàtí 1 tó pé, inú àpò tó sún mọ́ ara ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ má fi kọ́ńdọ̀mù gbà á, òróró ara ẹ̀ ń pa sípáàmù.

Èyí tó wúlò jù fún ẹni tóyún ń bàjẹ́ lára ẹ̀ léraléra ni tẹ́ẹ̀sì antiphospholipid (antibody tó ń mú kẹ́jẹ̀ dì), àṣìṣe ẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó jáde pósítíìfù, wọ́n ti sáré ra aspirin. Àìsàn kòkòrò lásán lè gbé e sókè fúngbà díẹ̀, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, tó tún jáde bẹ́ẹ̀, ká tó gbà á gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ heparin (tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì) tàbí tẹ́ ẹ lóyún lọ́wọ́, ẹ tètè sọ, torí ó ń da èsì lupus anticoagulant (ọ̀kan lára tẹ́ẹ̀sì antiphospholipid) rú. Ẹ wo ìgò olómorí búlúù tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí fún un náà dáadáa, oògùn inú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì jẹ́ ìdá 1 sí ẹ̀jẹ̀ ìdá 9, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ojú ìlà. Nọ́ọ̀sì kan fa ìlàjì, ó ní "ó ti tó, mọ̀mí." Kò tó o. Ẹ ní kó fa òmíràn.