Tí Ọtí Bá Gbé Ẹbí Yín Dé Tẹ́ṣàn: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe n'Ìbàdàn

Òru Sátidé ni irú ìpè yìí máa ń wọlé jù: wọ́n ti mú àbúrò yín lójú títì Ìbàdàn sí Èkó, ẹnu ẹ̀ ń rùn fún ọtí. Kí ẹ tó wá bàtà, ẹ bi ẹni tó pè ní nǹkan méjì: àwọn wo ló mú un, ṣé ẹnikẹ́ni sì fara pa?

Tó bá jẹ́ Road Safety ló dá a dúró, tí kò kọlu ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ni. Wọ́n á ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Bí ọtí bá ti ju gíráàmù 0.05 lọ nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti rú òfin. Ìtanràn rẹ̀ ₦5,000, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 5 lórí láísẹ́ǹsì. Ẹ má ki ọwọ́ bọ àpò níbẹ̀ o. Rìbá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀, ₦10,000 àti àmì 10. Márùn-ún àti mẹ́wàá di 15, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì fúngbà díẹ̀. Tó bá di 21, wọ́n á gbà á pátápátá. Ẹ gba ìwé ẹ̀sùn, ẹ sanwó sí báńkì, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Kí ẹni tí kò mutí lọ gbé mọ́tò náà. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí gidi nínú, ó sì máa ń gba ara tó wákàtí mẹ́ta kó tó dà á nù tán. Ẹni tó mu mẹ́ta títí di aago mọ́kànlá alẹ́ lè jí ní aago méje àárọ̀ kí ọtí ṣì wà lára ẹ̀. Orógbó, kọfí, omi tútù, kò sí èyí tó ń mú un yá. Paraga náà, ọtí ni. Egbò tí wọ́n rẹ sí i kò sọ ọ́ di àgbo.

Tí ẹnìkan bá fara pa tàbí kú, ọwọ́ ọlọ́pàá ló máa bọ́ sí. VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀, á yẹ mọ́tò wò, pàápàá bíréèkì, ẹ̀sùn á sì di ìwàkuwà tó léwu, èyí tí ẹ̀wọ̀n wà nídìí ẹ̀. Ohun tó ń ba irú ẹjọ́ yìí jẹ́ jù ni sítétímẹ́ǹtì aago méjì òru. Ọtí ò tíì dá lójú ẹ̀, wọ́n gbé bébà síwájú ẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìgò mẹ́rin péré lòun mu, ó fọwọ́ sí i. Níwájú adájọ́ ni wọ́n ti máa ka “péré” yẹn jáde. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà. Kó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀, kó ní òun fẹ́ rí lọ́yà òun ná. Tó bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ ní Yorùbá tó bá jẹ́ òun ló yé e jù, kí wọ́n sì kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Tí kò bá sówó lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Council. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má sì sọ pé òun ló wakọ̀. Ẹni méjì ni ẹ máa wá béèlì fún nígbà yẹn.

Bó bá jẹ́ ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, ẹ sọ fún ọlọ́pàá tó wà ní kàńtà kíá. Ọtí tó dédé dá lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kó mú òógùn àti èébì wá láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà kó máa rí ohun tí ojú ẹlòmíì ò rí. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, ó sì lè pa á. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní tẹ́ṣàn. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e débẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́ n'Ìbàdàn, Májísíréètì Iyaganku nìyẹn. Ẹ ti pe onídùúró méjì sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí ọ̀kan jẹ́ ẹbí, kí èkejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ẹni tó nílé, pẹ̀lú ìwé owó orí, ìwé ìdánimọ̀ àti fótò pásípọ́ọ̀tù. Obìnrin náà lè ṣe onídùúró. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù á fẹ́ mọ ilé onídùúró. Bí wọn ò bá parí ẹ̀ kí ọ́fíìsì tó pa, ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ló máa sùn, tó bá sì jẹ́ Fraidé, ó di ọjọ́ Ajé. Ẹ má háyà àwọn onídùúró tó ń rìn kiri níwájú kóòtù.

Ó yẹ kí àwọn àgbààgbà lọ kí ẹbí ẹni tó fara pa, kí wọ́n bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dá sí owó ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ló pe ẹjọ́. Ìdáríjì wọn lè mú kí ìdájọ́ rọ̀, kò lè pa ẹjọ́ rẹ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀ láìjẹ́ pé lọ́yà kà á.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹ kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sílé ẹjọ́ sára ògiri, kí ẹnìkan sì tẹ̀ lé e lọ ní gbogbo ìgbà. Tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú un wá, kí onídùúró sì san owó tó tọwọ́ bọ̀wé lé lórí.