Bí mo ṣe wá ìdílé iṣu nínú DNA rẹ̀

Ewé iṣu ń yọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ mọ irú iṣu igbó tó bí iṣu funfun tá à ń gún níyán. Inú DNA, àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú ewé wọn, ni mo ti fẹ́ wá a. Oko bàbá kan, ọmọ Sábẹ̀ẹ́, lọ́nà Mọ́níyà ni mo ti já ewé: iṣu funfun, igángán, ewùrà. Bàbá fi mí rẹ́rìn-ín: "Ewé lo wá já, o ò tiẹ̀ bèèrè iṣu?" Àwọn náà ló mú mi dé etí igbó níbi tí ìtàkùn iṣu igbó wà. Ẹ̀gún ara rẹ̀ ya mí lọ́wọ́.

Ewé tó tóbi, tó ti gbó, ni mo kọ́kọ́ lò. Mo lọ̀ ọ́, mo da omi CTAB, oògùn tó ń tú DNA jáde, sí i, mo rì í bọnú omi gbígbóná ìwọ̀n 65 lórí Celsius, mo fi chloroform fọ̀ ọ́. Ohun tó kù ń fà bí ọbẹ̀ ilá! Lórí gel, ohun rírọ̀ tá a fi ń wo DNA, kàkà kó fa ìlà kan tó mọ́, ó kàn nà gbọọrọ bí ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ wa sọ́nà ní, "Ewé orí ìtàkùn tí ò tíì gbó ni kó o lò, kó o sì fi iyọ̀ kún un." Lẹ́ẹ̀kejì, òwú funfun tín-ín-rín kan léfòó nínú ọtí (alcohol) tí mo dà sí i. DNA nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá wa ka àwọn àmì tó yàtọ̀ lára wọn, tá a pè ní marker, kọ̀ǹpútà to ìdílé wọn. Ewùrà dá dúró gedegbe, nítorí Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá. Ẹni tó bá ti fi gúnyán rí ti fura tipẹ́ pé àlejò ni. Iṣu funfun sì fara ti iṣu igbó.

Ewé bíi mélòó kan kò lè tọ́ka sí ìlú o. Lọ́dún 2019, àwọn tó yẹ DNA iṣu 167 wò nínú ìwé ìròyìn Science Advances ló ṣe ìyẹn: iṣu igbó kìjikìji, Dioscorea praehensilis, ló di iṣu funfun, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà oòrùn Ghana sí ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Lọ́dún 2020, àwọn mìíràn ní àdàlù ni, pé iṣu inú ọ̀dàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn ò tíì parí ìjà yẹn.

Nígbà tí mo padà lọ ròyìn fún Bàbá, wọ́n mú mi lọ sídìí ebè kan lẹ́yìn ahéré. Iṣu igbó ni wọ́n wú gbìn síbẹ̀ lọ́dún kejì sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gún rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n kò gún mi mọ́.